Ọjọ́ 25 ti kọjá lórí ọjọ́ tó yẹ kí n pẹjọ́ owó orí. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ìyá Ìbejì Aláàdìrẹ, Ìtòkú (Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù kẹsàn-án 2025)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ owó orí àti ti kóòtù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Àdìrẹ ni mò ń ṣe, òun náà ni mò ń tà, ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta níbí. Oṣù kẹta ọdún yìí ni wọ́n mú ìwé owó orí ti ọdún 2024 wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. ₦1,548,800 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka iye yẹn kó tó yé mi. Gbogbo owó tó gba inú àkáǹtì mi kọjá ní 2023, ₦9,400,000, ni wọ́n kà sí èrè mi. Bẹ́ẹ̀, owó aṣọ funfun tí mo rà wà níbẹ̀, owó aró wà níbẹ̀, owó kọ́sítíìkì sódà àti háídrọ́ọ̀sì, owó àwọn tó ń bá mi rẹ aṣọ. Kódà owó àjọ àwọn obìnrin 12 tí mò ń gbà tí mo sì ń kó fún ẹni tó kàn, ibẹ̀ náà ló ń gbà. Tí mo bá yọ gbogbo ẹ̀, èrè mi kò ju ₦1,900,000 lọ, mo sì ní ìwé tí mo kọ ọ́ sí.

Mo kọ ìwé àtakò, mi ò pẹ́ nínú ìyẹn. Ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ni èsì dé pé wọn ò yí ohunkóhun padà, pé tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n gba Tax Appeal Tribunal, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí, lọ láàárín ọjọ́ 30. Mo tẹ ìwé náà sábẹ́ ìwé gbèsè nínú dúrọ́ọ̀, mo ní kí n parí aṣọ ẹgbẹ́ kan tó wà lọ́wọ́ mi ná, kí n wá lọ́yà.

Alẹ́ ọjọ́ 17, ìyá mi ṣubú ní bálùwẹ̀. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò gbé mọ́, ẹnu sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àba la gbé e lọ, a ò kúrò níbẹ̀ títí di ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án. Èmi nìkan ni ọmọ tó wà nílé, Kánádà ni àbúrò mi wà. Orí bẹ́ǹṣì ni mo ń sùn. Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án tí ọjọ́ 30 yẹn pé, síbí kékeré ló wà lọ́wọ́ mi, mò ń fi ògì bọ́ màmá mi.

Ṣé ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn? Ẹnì kan ní kí n sọ pé mi ò mọ̀ pé ọjọ́ 30 ni òfin wí. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà, mo sì kà á.

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Ọlọ́run á gbé màmá dìde. Ẹ má da ara yín láàmú, ẹ dúró di oṣù kìíní. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó èèyàn ò ní owó orí rárá. Gbogbo ti àtijọ́ á parẹ́.

Akáńtáńtì Ìbarà

Àbúrò, òótọ́ ni ti ₦800,000 o. Ti pé àtijọ́ á parẹ́ ni kò sí níbẹ̀. Gbèsè ọdún 2024 ò ní tìtorí òfin 2026 kú. Ẹ̀yin Ìyá Ìbejì, tí ẹ bá jókòó di oṣù kìíní, ṣe lẹ máa fi oṣù mẹ́ta mìíràn kún ọjọ́ tí ẹ máa ṣàlàyé.

Mo jókòó ṣírò rẹ̀. Òfin tó de ọdún yẹn ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ₦200,000, kí wọ́n tún yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó orí. Nínú ₦1,900,000 yín, ó ku ₦1,320,000. ₦300,000 àkọ́kọ́ jẹ́ 7%, ₦300,000 tó tẹ̀ lé e jẹ́ 11%, ₦500,000 jẹ́ 15%, ₦220,000 tó kù jẹ́ 19%. Gbogbo rẹ̀, ₦170,800. Mo wá ṣe ti ₦9,400,000 lọ́nà kan náà, bí mo ṣe ṣe é tán báyìí, ₦1,548,800 géérégé ló bọ́ sí. Wọn ò yọ kọ́bọ̀ kan fún owó ọjà. Ẹ ní ẹjọ́ tó dúró dáadáa ma. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ pa á.

Bísọ́lá L.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ẹnì kan tó lè bá yín gba ìwé dókítà. Wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀yin gan-an sí i, pé ẹ̀yin lẹ ṣàìsàn láti oṣù kẹjọ títí di òní. Àìsàn ìyá kì í tó àìsàn ẹni lójú wọn. Ó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́yà Kútọ̀

Bísọ́lá, mo bẹ̀ ọ́, pa ìyẹn rẹ́. Mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ nínú ìwé ìbúra, ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n ni. Àti pé Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ fowó ránṣẹ́, ó gbowó, ó buwọ́ lu ìwé ilé ìwòsàn gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́ láàárín àkókò yẹn. Lọ́yà ìjọba á kàn béèrè pé, "Ma, ta ló buwọ́ lùwé yìí?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pin sí. Ẹjọ́ tó dára á wá di ẹjọ́ ayédèrú ìwé.

Ìyá Ìbejì, ilẹ̀kùn ò tì. Òfin 2007 tó dá FIRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀ ló gbé Tribunal yìí kalẹ̀. Nínú Fifth Schedule rẹ̀, ìyẹn àfikún karùn-ún, ni wọ́n ti fún ẹni tí ìpinnu kò tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 30. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti kọ ọ́ pé Tribunal lè gbọ́ ẹjọ́ tó pẹ́, bó bá dá wọn lójú pé ìdí tó tó wà tó fi pẹ́. Ẹnu "ìdí tó tó" yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Wọn ò ní gba ìdí yín nítorí pé ó bani nínú jẹ́. Mo ti rí èèyàn tó sunkún nínú kóòtù, adájọ́ bá a kẹ́dùn tọkàntọkàn, ó sì da ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nù. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ìdí náà bo gbogbo ọjọ́ tó kọjá, bí aṣọ ṣe ń bo ara. Ìyá ṣàìsàn ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, ó dára. Ó kúrò ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án. Láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 29 ńkọ́? Níbẹ̀ ni wọ́n á ti gbá yín mú.

Ẹ mú kàlẹ́ńdà sílẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn, àti bébà tó jẹ́rìí sí i: ìwé ìgbaniwọlé, ìwé ìdásílẹ̀, risíìtì oògùn, káàdì àwọn tó ń bá màmá na ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá ní bébà, ẹ ṣáà kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ohun kejì tí wọ́n á wò ni bóyá ẹjọ́ gan-an ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìṣirò tí Akáńtáńtì ṣe sókè yìí ló máa gbè yín níbẹ̀. Ọ̀kan ò lè dá ṣe é láìsí ìkejì, nítorí náà ìwé ẹ̀bẹ̀ fún àfikún ọjọ́, ìwé ìbúra, àti ìwé ẹjọ́ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń gbọ́ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn wa.

Ẹ tún múra owó sílẹ̀ o. Ìlànà ìgbẹ́jọ́ wọn ti 2021 ní kí ẹni tó ń jiyàn lórí iye owó orí fi ìdajì iye tó ń jiyàn lé lórí sí àkáǹtì tí Tribunal bá yàn, kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. A máa jíròrò ìyẹn lójúkojú.

Tísà Láfẹ́ńwá

Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ó tó dọjọ́ yẹn, ṣé wọn ò ní wá ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa? Ẹ̀rù yẹn ló ń ba gbogbo ọjà.

Lọ́yà Kútọ̀

Òfin owó orí aláàdáni, abala 104, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 2011: wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ẹnikẹ́ni. Tí ẹnikẹ́ni bá dé, ẹ fi sùúrù ní kí ó fi ìwé adájọ́ hàn yín, kí ẹ pè mí.

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ́

Mo gbà ti oṣù kìíní yẹn, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí gbogbo ìyálọ́jà Ìtòkú ò lè dìde bíi ti ayé Ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, tó kó àwọn obìnrin jáde tako owó orí?

Bàbá Aké

Ọmọ mi, ìyá tó bí ìyá mi wà nínú àwọn obìnrin tó bá a jáde. Wọ́n máa ń sọ orin tí wọ́n kọ fún yín, wọn kì í sọ ti ìwé tí wọ́n kọ. Ìwé ẹ̀sùn ni Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ń kọ, tí wọ́n ń kọ, kí ó tó di pé Aláké Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀ ní 1949, tí owó orí àwọn obìnrin sì dúró. Ìyá àgbà mi kò mọ̀wé, àtàǹpàkò ló fi tẹ̀ ẹ́. Títí tó fi kú ló ń na àtàǹpàkò yẹn sí wa.

Ti ìgbà yẹn jẹ́ ti gbogbo obìnrin Ẹ̀gbá. Ti Ìyá Ìbejì, ìṣirò ẹnì kan ni wọ́n ṣì. Kí ó lọ fi ìwé tún un ṣe. Tí ó bá nílò ẹni tó máa jókòó ti màmá lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ sí Ìbàdàn, ìyàwó mi á wá.

Ìyá Ìbejì Aláàdìrẹ

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ ṣeun gbogbo yín.

Mo ti mú kàlẹ́ńdà bí Lọ́yà ṣe wí. Láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 20 rọrùn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì la ń gbé màmá lọ na ẹsẹ̀, káàdì wà. Ọjọ́ yòókù, èmi ni mo ń yí i lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa bó, mo ń wẹ̀ ẹ́, mi ò débi ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ 20 ni mo wá dé Ìtòkú. Mo fa dúrọ́ọ̀ láti mú ìwé gbèsè, ìwé yẹn sì jáde. Mo ka ọjọ́ lórí ìka. Lọ́yà, láti ọjọ́ yẹn títí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ yìí síbí, ọjọ́ mẹ́sàn-án, mi ò ṣe ohunkóhun. Mi ò ṣàìsàn. Màmá ti ń jẹun fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo dá ìwé náà padà sínú dúrọ́ọ̀, mi ò fẹ́ kí ojú mi rí i. Kí ni kí n kọ sí ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí? Ṣé kí n ní màmá ṣì wà ní ilé ìwòsàn ni?

Lọ́yà Kútọ̀

Rárá o. Ìwé ìdásílẹ̀ á já yín nírọ́. Ohun tí ẹ kọ sókè yìí gan-an ni kí ẹ kọ. "Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án, mo rí i pé ọjọ́ ti kọjá. Ẹ̀rù bà mí, mi ò sì mọ̀ pé òfin ṣì gbà mí láyè láti bẹ̀bẹ̀. Ní ọjọ́ 29, mo béèrè ìmọ̀ràn." Ohun tí ẹ mọ̀ ni ọjọ́ 30. Ẹ ò mọ̀ pé àyè ẹ̀bẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, òótọ́ sì nìyẹn.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn lágbára. Òun ló rọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́wọ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kò ní àlàyé tó dára, wọ́n á lè gba ọjọ́ 16 tó kù gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Tí ẹ bá fi irọ́ dí i, gbogbo 25 ló máa bàjẹ́.

Bísọ́lá L.

Mo ti pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Mo lè bá yín to àwọn risíìtì, mo ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nílé ní Ọbántokò.

Ìyá Ìbejì Aláàdìrẹ (Ọjọ́rú, 8 oṣù kẹwàá)

Ẹ̀yin ará, a ti gbé e wọlé ní Ìbàdàn lánàá. Ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé ìbúra, ìwé ẹjọ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bísọ́lá to bébà 41 tẹ̀ léra wọn, ó fi ọjọ́ lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó Bàbá Aké wá láti àárọ̀ kùtù, wọ́n se àmàlà fún màmá, màmá sì fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn wà nínú rẹ̀ bó ṣe rí. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo ń buwọ́ lù ú. Wọ́n ti fún wa ní ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà, inú oṣù yìí ni. Lọ́yà, kí ni kí n mú dání?

Lọ́yà Kútọ̀

Ìwé ọjà yín ti 2023 gan-an, ẹ má mú fótókọ́pì. Èyí tí aró kán sí lára yẹn. Kí ẹ tún mú ìwé àjọ àwọn obìnrin 12 náà. Aago mẹ́fà ààbọ̀ la máa gbéra ní gáréèjì Kútọ̀.

Ìyá Ìbejì Aláàdìrẹ

Màá ti wà níbẹ̀ ní mẹ́fà, sà.