Àṣírí kọ́: ọ̀rọ̀ wo ló yẹ "privacy" nínú kírípítò?

Láti Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ inú ìjíròrò yìí, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ áàpù wálẹ́ẹ̀tì bitcoin kan sí Yorùbá bi wá lánàá pé kí ni kí òun pe "privacy", "change" àti "dust". Òun fúnra rẹ̀ ti kọ "àṣírí", "ìyókù" àti "eruku". Ẹnì kan dáhùn pé "ìkọ̀kọ̀", ẹlòmíì ní "bòńkẹ́lẹ́", ẹ̀gbọ́n wa kan ní Òde Oǹdó tiẹ̀ fẹ́ ká kọ "upamọ́" kí ẹnu ilé má bàa parun. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi u sílẹ̀ nílé. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àwọn ará Ìbàdàn á ní àṣìtẹ̀ ni.

Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn. Àṣírí ni ohun tí a bò. Nínú bitcoin, a ò bo nǹkan kan. Láti oṣù kìíní 2009 tó ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo owó tó kúrò ní àdírẹ́ẹ̀sì kan (àkójọ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí a fi ń gba owó) bọ́ sí òmíràn ló wà nínú ìwé ìṣirò tí gbogbo ayé lè ṣí wò: iye rẹ̀, ìgbà tó lọ, ibi tó ti wá, ibi tó wọ̀. Orúkọ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá rí "àṣírí" lójú áàpù á rò pé owó òun ti wọ abẹ́ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ìhòòhò ló wà láàárín ọjà, ojú nìkan ló dì. "Ìkọ̀kọ̀" tún burú jù ú lọ, torí ẹni tó ń ṣe nǹkan ní kọ̀rọ̀, olè la máa ń fura sí. Ẹni tí kò fẹ́ kí oníbàárà mọ iye tó kó pamọ́ kì í ṣe olè.

Okùn méjì là ń dáàbò bò: èyí tó so orúkọ mọ́ àdírẹ́ẹ̀sì, àti èyí tó so àdírẹ́ẹ̀sì kan mọ́ èkejì. A ti ní "ìtọpasẹ̀" fún iṣẹ́ ẹni tó ń wá okùn náà kiri. Mo dábàá "ìbopasẹ̀" fún iṣẹ́ ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí i. Bo ipasẹ̀, ìbopasẹ̀: ó tẹ̀ lé òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ọmọdé sì lè gbọ́ ọ yé.

Ọ̀rọ̀ "change" ló gba àlàyé jù. Ká ní ayàwòrán kan ní Alágbàáká gba bitcoin 0.05 lọ́wọ́ oníbàárà, ó sì fẹ́ san 0.012 fún ẹlòmíì. Kò lè bu 0.012 lára rẹ̀. Odidi 0.05 ló máa wọlé, bí ìgbà téèyàn na nọ́tì ẹgbẹ̀rún kan sí ìyá ẹlẹ́kọ. Bí 0.012 bá lọ, tí àwọn awakùsà, ìyẹn àwọn tó ń kọ ìnáwó sínú ìwé ìṣirò náà, mú owó iṣẹ́ wọn, ká pè é ní 0.00002, 0.03798 á padà sí àdírẹ́ẹ̀sì tuntun tí wálẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìyókù ni ohun tó ṣẹ́kù síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Èyí ò dúró, ó jáde, ó sì gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé. Ṣénjì ni. Gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n, kí la tún ń wá kiri?

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Ẹni tó ń tọpasẹ̀ rí 0.012 àti 0.03798. Èyí tó gún régé ló máa kà sí owó sísan, èyí tó rí jákujàku ló máa kà sí ṣénjì, ó sì ti fura sí àdírẹ́ẹ̀sì tuntun náà. Lọ́jọ́ kejì, ayàwòrán da ṣénjì yìí pọ̀ mọ́ 0.004 tí ẹbí rẹ̀ fi ránṣẹ́, kó lè san 0.04. Ó parí. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ méjèèjì (nọ́ńbà àṣírí tí a fi ń ná owó àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan) ló máa ń fọwọ́ sí irú ìnáwó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àdírẹ́ẹ̀sì méjèèjì ti di ti ẹnì kan lójú ayé, oníbàárà ìjọ́sí sì lè máa ka owó ẹbí mọ́ ọn.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kéèyàn máa fọwọ́ ara rẹ̀ yan owó tó máa ná. Nínú àwọn áàpù wálẹ́ẹ̀tì, Sparrow ní abala UTXOs (owó kọ̀ọ̀kan tí a kò tíì ná) fún un, Electrum ní Coins. Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé ni kó kọ àmì sí i lára, "iṣẹ́" tàbí "ẹbí", kó má sì jẹ́ kí méjèèjì pàdé nínú ìnáwó kan. Áàpù tí kì í jẹ́ kéèyàn yan owó kò yẹ lẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ìbopasẹ̀.

"Eruku" dára fún owó tó kéré débi pé owó iṣẹ́ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Satoshi mílíọ̀nù 100 ló pé bitcoin 1. Satoshi 546 ni ààlà eruku tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ ju irú owó yẹn sí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ kó lè rí ohun tí o máa dà á pọ̀ mọ́, "owó ìdẹ" ni. Má fọwọ́ kàn án, tì í pa nínú wálẹ́ẹ̀tì.

Fún àdírẹ́ẹ̀sì, mo fẹ́ "ẹ̀kú". Gbogbo ọjà ló rí eégún, ta ló mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀?

Láti Òde Oǹdó

Mo ti gbọ́ ti u. Mo fi í sílẹ̀, kì í ṣe pé inú mi dùn sí i.

Mo gba ìbopasẹ̀. Ẹ má ṣáà fi lé àṣírí kúrò nílé pátápátá, ó níbi tó ti wúlò. Monero, owó kírípítò mìíràn, ń bo iye owó láti 2017. Láti 2022, owó tòótọ́ 1 àti ìtànjẹ 15 ló ń jáde papọ̀, bí èèyàn 16 nínú aṣọ ẹbí kan náà. O mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn náwó, o ò mọ èwo. Àṣírí nìyẹn. Zcash, òmíràn nínú wọn, ní ẹ̀gbẹ́ méjì, èyí tó ṣí sílẹ̀ tí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ń fi t bẹ̀rẹ̀, àti èyí tó ní ìbòjú. Ẹni tó gbé 3.7 láti t wọ ìbòjú, tó sì gbé 3.7 kan náà jáde sí t mìíràn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìbòjú ò ràn án lọ́wọ́. Iye ti tú u fó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kú yìí ló bí mi nínú díẹ̀. Ẹ̀kú ni a ń gbé wọ̀ lọ́dọọdún, baba á fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ ká lo àdírẹ́ẹ̀sì bitcoin. Ewé ẹ̀kọ ló jọ: o tú u, o jẹ ẹ̀kọ, o sọ ewé nù. Ta ló ń fọ ewé gbódògì kó lè tún fi pọ́n ẹ̀kọ ọ̀la?

Ẹni tó bá ẹ̀kú mu gan-an ni ẹni tó ń gba USDT (owó kírípítò tó ń tẹ̀ lé iye dọ́là) lórí Tron, ìwé ìṣirò mìíràn tó yàtọ̀ sí ti bitcoin, àwọn ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mo mọ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì kan, T ló fi bẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń gba owó iṣẹ́, òun ni wọ́n fi ń gba owó ìyàwó. Kò sí ṣénjì níbẹ̀, àpapọ̀ owó hàn kedere. TRX, owó Tron fúnra rẹ̀, tí wọ́n máa fi san owó iṣẹ́, ilé pàṣípààrọ̀ tó ti gba NIN wọn ni wọ́n ti ń rà á, orúkọ ti dé ilé yẹn kí wọ́n tó gba kọ́bọ̀. Wọ́n á wá ya àwòrán ìsanwó pẹ̀lú nọ́ńbà ìsanwó náà, wọ́n á gbé e sórí WhatsApp. Ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà yẹn sójú ìwé ìṣirò rí gbogbo ohun tó ti wọlé rí. Ẹni tá a sanwó fún nìkan ló yẹ kó gba nọ́ńbà náà.

Ọ̀kan tún kù: "àdírẹ́ẹ̀sì afarawé". Àwọn oníjìbìtì ń dá èyí tí lẹ́tà àkọ́kọ́ àti ìgbẹ̀yìn rẹ̀ jọ ti ẹni tó o máa ń sanwó fún, wọ́n á fi owó ìdẹ ránṣẹ́ láti ibẹ̀ kó lè jókòó sínú àkọsílẹ̀ rẹ. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà láti ibẹ̀ sanwó fún olè. Àárín àdírẹ́ẹ̀sì ni kẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò.

Láti Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè. Mo gbà: ẹ̀kú fún Tron, ewé fún bitcoin, nínú àlàyé nìkan. Lójú áàpù, ká fi "àdírẹ́ẹ̀sì" sílẹ̀ bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pè é.

Àbúrò, kọ ọ́ báyìí: "Ìbopasẹ̀: lo àdírẹ́ẹ̀sì tuntun fún owó kọ̀ọ̀kan, yan owó tó o fẹ́ ná, má da owó ìdẹ pọ̀ mọ́ tìrẹ." Fi ìlà kan kún un pé bí wálẹ́ẹ̀tì bá ń béèrè iye owó lọ́wọ́ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè) ẹlòmíì, ẹni tó ni sáfà yẹn ń rí gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì rẹ pọ̀ lójú kan náà, pẹ̀lú ibi tó o ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Tor, ètò tó ń bo ibi téèyàn ti wọlé, lè fi ibi yẹn nìkan pamọ́; node tìrẹ nílé, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ìwé ìṣirò náà wò fúnra rẹ̀, ni kò ní jẹ́ kó rí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ. Bitcoin Core, áàpù tí a fi ń ṣe node, tí a bá gé ìtàn rẹ̀ kúrú, lè fi mẹ́gábáìtì 550 tọ́jú àwọn búlọ́ọ̀kì rẹ̀ (àwọn abala ìwé ìṣirò náà), ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba gbogbo ìtàn náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún gígábáìtì, kẹ́ni tó ń ra dátà mọ ohun tó ń ṣe.

"Node" yẹn náà ò tíì ní orúkọ. "Oríta" ló wà lẹ́nu mi, àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ ti Oǹdó ná.