Ṣé o ti só? Àwa tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wa, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò tó béèrè lánàá pé wọ́n fẹ́ yọ ilé ọmọ òun lóṣù tó ń bọ̀, pé kí lòun máa múra sílẹ̀, mo rí ọ̀rọ̀ ẹ. Àtàárọ̀ ni mo ti ń kọ èyí, NEPA ló ń dà mí láàmú. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Kubwa níbí ni mò ń gbé. Ìju, kókó inú ilé ọmọ tí wọ́n ń pè ní fibroid, ló bá mi fínra fún bí ọdún márùn-ún. Tí nǹkan oṣù mi bá dé, páàdì kan ò ní lò ju wákàtí kan lọ tó fi máa kún, aṣọ dúdú nìkan ni mò ń wọ lọ síbi iṣẹ́, tí n bá fẹ́ jókòó sórí àga olóde màá kọ́kọ́ tẹ́ ìró sí i. Mo mu àgbo títí, ti Ilọrin, ti àwọn Hausa, èyí tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì gbé wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìju ń dàgbà ní tiẹ̀. Ìgbà tí PCV mi, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára, já sí 19 tí mi ò lè gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì mọ́ láìdúró mí, ni mo tó lọ jókòó síwájú dókítà dáadáa. Ó ní òun lè yọ ìju nìkan, àmọ́ òmíì lè tún hù, tàbí kóun yọ ilé ọmọ kúrò pátápátá. Mo wo ara mi, ọdún 44, ọmọ mẹ́rin. Mo ní ẹ yọ gbogbo ẹ̀ jàre.

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣe é o. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi gbọ́dọ̀ gòkè kọ́kọ́. Oṣù méjì ni mo fi ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ mi dúdú bí èédú, ẹ̀rù bà mí tẹ́lẹ̀ àfìgbà tí wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Mo ń jẹ ẹ̀dọ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, títí PCV fi di 31. Àbúrò mi àti ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá fún mi ní ẹ̀jẹ̀, páìntì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo oògùn tẹ́ ẹ bá ń lò ẹ sọ fún dókítà, àgbo náà, ẹ má tijú. Aspirin tí mo máa ń lò fún orí fífọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n dá dúró, torí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì.

Ohun tó bí mi nínú jù nílé ìwòsàn yẹn (mi ò ní dárúkọ wọn) ni nọ́ọ̀sì kan tó ní ọkọ mi ló gbọ́dọ̀ wá buwọ́ lùwé. Ọkọ mi wà ní Sókótó níbi iṣẹ́. Mo bi í pé ṣé ilé ọmọ ọkọ mi lẹ fẹ́ yọ ni? Ó dijú mọ́ mi. Dókítà ló wá bá wa dá sí i, ó ní àgbàlagbà ni mí, èmi ni kí n buwọ́ lù ú. Mo buwọ́ lù ú. Mo tún pe ọkọ mi o, ó gbàdúrà fún mi lórí fóònù títí káàdì fi tán.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n ní kí n má jẹ nǹkan kan mọ́ tó bá ti di aago 12. Kí n fọ kútẹ́ẹ̀sì èékánná kúrò, kí n tú attachment orí, kí n bọ́ òrùka. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi tí ìyá àgbà so fún mi láti kékeré, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi gé e. Mo sunkún nítorí ìlẹ̀kẹ̀, mi ò sunkún nítorí iṣẹ́ abẹ.

Ní tíátà, ẹ̀yìn ni wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí, kò pẹ́ ẹsẹ̀ mi ò jọ ẹsẹ̀ mi mọ́. Mi ò sùn, mò ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ iye tí dísẹ́ẹ̀lì ti dà, bí ẹni tó wà ní ibùdó epo. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n gbé e jáde nínú rọ́bà fún ẹ̀gbọ́n mi wò, ó ní ó tó orí ọmọ tuntun. Òun náà ló gbé e lọ sí láàbù pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ kankan ò sí níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti padà lọ gba èsì yẹn o, ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìsó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi! Àárọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀, kò kí mi dáadáa, "Madam, ṣé ẹ ti só?" Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Ṣé àgbàlagbà ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní ìfun ló máa ń sùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tó bá ti só, ó ti jí nìyẹn. Inú mi wú bí ìlù. Nọ́ọ̀sì àgbà kan fún mi ní ṣingọ́ọ̀mù kí n máa jẹ, ó tún fà mí dìde lọ́jọ́ yẹn gan-an kí n máa rìn, ó ní tí n bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lè dì sí mi lẹ́sẹ̀. Mo rìn, mo ṣépè fún un nínú ọkàn mi, mo tún rìn. Lóru, bí aago méjì, ó jáde! Àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́. Ìyá Hausa tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ní "Alhamdulillah!" Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo tó mu ògì.

Oṣù kìíní ni wọ́n ṣe tèmi, ẹ sì mọ ọyẹ́ Abuja. Eruku, ikọ́. Tẹ́ ẹ bá ti wúkọ́ pẹ̀lú ojú abẹ, ẹ máa mọ̀ pé Ọlọ́run wà. Ìrọ̀rí ni mo fi ń di ikùn mú kí n tó wúkọ́, òun náà ni mo fi sáàárín bẹ́líìtì mọ́tò àti ikùn nígbà tá à ń lọ sílé, pẹ̀lú gbogbo bọ́ńpù ọ̀nà wa yẹn. Ìbẹ́pẹ àti omi púpọ̀ kí ìgbẹ́ má baà le.

Ìyá mi dé láti Ọ̀yọ́, ó ń wò mí ṣáá, ó wá jàjà bi mí pé ẹ̀jẹ̀ oṣù mi ńkọ́, níbo ni yóò máa gbà báyìí, ṣé kò ní gorí lọ? Mo ní Màámi, inú ilé ọmọ yẹn náà ló ti ń jáde. Tí wọ́n bá ti wó ilé, ṣé òrùlé ṣì máa jò? Ó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo hùwà òmùgọ̀. Ara ti ń yá, ojú egbò ti jiná, mai ruwa tó ń ta omi kó omi dé, kò sẹ́ni nílé, mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 kan. Ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀. A sáré padà, dókítà ní òde ló jiná, inú ò tíì jiná, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lòun sọ, òun ò sọ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ni fún ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya. Ẹni tí kò bá ní ẹni tó máa pọn omi fún un, kó tètè wá ẹni náà kó tó wọ tíátà.

Láti Kaduna

Ẹ̀gbọ́n, mo rẹ́rìn-ín ìsó yín títí. Tèmi, wọ́n yọ ilé ẹyin (ovary) méjèèjì mọ́ ọn, ọmọ ọdún 46 ni mí. Oṣù kẹrin ni, Kaduna sì gbóná, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lóru mo ní ooru ìlú ni. Òjò dé lóṣù keje, gbogbo ilé bora, èmi nìkan mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara mi. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ilé ẹyin tí wọ́n yọ ló fà á. Tí wọ́n bá fi ilé ẹyin sílẹ̀, ara ò ní yí padà lójijì bẹ́ẹ̀. Ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó buwọ́ lùwé: ilé ọmọ nìkan ni, àbí pẹ̀lú ilé ẹyin?

Láti Gwagwalada

Ẹ kú ìròyìn. Tèmi ò dùn tó tiyín. Èmi ò múra sílẹ̀ rárá. Ọmọ ọdún 31, ọmọ àkọ́kọ́, mo bímọ tán ẹ̀jẹ̀ ò dá, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára títí, wọ́n ṣe gbogbo nǹkan, ó kù díẹ̀ kí n kú ni wọ́n fi yọ ilé ọmọ mi. Mo jí, wọ́n gbé ọmọ fún mi, ọkọ mi ò lè wo ojú mi. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n tó sọ ọ́ fún mi.

Ó ti di ọdún mẹ́fà. Mo dúpẹ́ pé mo wà láàyè, ẹ má pè mí ní abara-moore-jẹ. Àmọ́ lóṣù tó kọjá mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo mú páàdì méjì sínú agbọ̀n bí mo ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọwọ́ mi ló lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Nígbà tí ọmọ tó ń gba owó bi mí pé ṣé kóun pa gbogbo ẹ̀ pọ̀, mo kàn dúró síbẹ̀ ni.

Ẹni tó bá bá tèmi mu nínú yín, tí kò tíì bímọ tó bó ṣe fẹ́ kí wọ́n tó yọ tiẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ nǹkan sábẹ́ ibí, bó ṣe ìlà kan.