Ewì Ogun Àgídìngbì fún àwọn ọmọ iléèwé: ta ni kí n kì?

Tíṣà Kíláàsì Márùn-ún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀pẹ́ níbí ni mo ti ń ṣe tíṣà. Wọ́n ní kí n kọ ewì tí ọmọ méjìlá máa ké lọ́jọ́ Káyókáyó, ọdún tí a fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe dé Ẹ̀pẹ́, lórí ogun tó gbé Ọba Kòsọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún 1851. (Kì í ṣe Àgídìngbì ti Ìkẹjà o, ogun tí wọ́n tún ń pè ní Ahóyaya ni.) Inú mi dùn débi pé mi ò sùn. Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyẹn ìran àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ wá láti Èkó, ni ìyá ìyá mi, ìtàn ogun yẹn ni wọ́n máa ń pa fún wa bí iná bá ti lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ tí mo kọ nìyí:

Àgídìngbì! Àgídìngbì!
Àgbá ké lójú ọ̀sà,
Ẹyẹlé gbàgbé ilé.
Òyìnbó gbé iná wá sórí omi,
Ọmọ Èkó ò sá.

Ó dùn lẹ́nu wọn. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan nawọ́: "Àǹtí, kí ló dé tí Òyìnbó fi wá bá wọn jà?" Mo ní wọ́n ní kí Kòsọ́kọ́ jáwọ́ nínú òwò ẹrú, ó sì kọ̀, pé òwò epo pupa náà wà lọ́kàn àwọn Òyìnbó. Ó ní, "Ṣé ẹni tó ń ta èèyàn la wá fẹ́ máa yìn?"

Ẹnu mi wọhò. Látìgbà yẹn mi ò lè fi ìlà kan kún un. Mo fẹ́ràn ìlú mi, mi ò sì fẹ́ parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ta ni kí n kì nínú ogun yìí?

Bàbá Ọlọ́kọ̀

Tíṣà, ọmọ mi, o ṣeun. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ láàárín Ẹ̀pẹ́ sí Èkó. Ìlà kan ló ń dùn mí nínú ewì rẹ: "Ọmọ Èkó ò sá."

Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá, òótọ́ ni. Forbes, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Òyìnbó, kó ọkọ̀ ogun Bloodhound àti àwọn ọkọ̀ kéékèèké wọ inú ọ̀sà, àwọn ará Èkó lé e padà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì àwọn Òyìnbó tún dé, Bloodhound pẹ̀lú Teazer. Iyanrìn mú Teazer. Èmi tí mo mọ omi ibẹ̀, ara mi máa ń bù máṣọ bí mo bá rò ó: ọkọ̀ elẹ́ẹ̀ẹ́fín odindi, kò lè lọ, kò lè bọ̀, àgbá sì ń ro lù ú láti ẹ̀yìn yàrà etí omi. Àwọn Òyìnbó tó kú nínú ogun náà lé ní 10, àwọn tó fara gbọgbẹ́ lé ní 70. Lọ́jọ́ 27 ni iná wá ran ìlú, ẹ̀tù bú gbàmù, Kòsọ́kọ́ sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ sọ́kọ̀. Jẹ́ kí àwọn ọmọ sọ pé wọ́n jà. Kí wọ́n sọ pé ìlú jó pẹ̀lú.

Òṣòdì Tápà ni kí o kì. Ọmọ Tápà ni, ẹrú ló jẹ́ láàfin Èkó kó tó di olórí ogun Kòsọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n kó wá bí ẹrú ló kó ogun jà fún ìlú náà. Ìdáhùn ọmọ yẹn wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yìn Akítóyè, ọba tí Kòsọ́kọ́ lé kúrò lórí oyè, ni àwọn baba ńlá tèmi wà. Àwọn náà wà níbi ogun yẹn, aṣọ funfun ni wọ́n so mọ́ ọrùn kí àwọn Òyìnbó lè dá wọn mọ̀. Bí ewì bá ti pín in sí Òyìnbó àti ọmọ Èkó, kí la ó wá pe àwọn wọ̀nyẹn? Àbúrò bàbá Kòsọ́kọ́ ni Akítóyè! Ìjà ẹbí ni Òyìnbó gun lé. Wọ́n fi Akítóyè jọba, ó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú ọmọ rẹ̀, ní 1861. Èyí máa ń dùn mí ju iná yẹn lọ.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Tíṣà, ẹ má gbàgbé àdúgbò wa, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó. Àwọn tó bá Òṣòdì padà wá láti Ẹ̀pẹ́ ní 1862 ló tẹ ibí dó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kéékèèké máa fẹsẹ̀ kílẹ̀ bí wọ́n bá ti pe "Àgídìngbì". Ìró àgbá ló di orúkọ yẹn, kí ilẹ̀ náà dún.

Tíṣà Kíláàsì Márùn-ún

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti yọ "ò sá" kúrò. Bó ṣe rí báyìí nìyí:

Àgídìngbì! Àgbá hó yaya,
Ẹyẹlé gbàgbé ilé.
Tápà tí wọ́n mú lẹ́rú
Ló kógun jà létí ọ̀sà.
Ọmọ ilé kan náà lọ́tùn-ún lósì:
Ọ̀kan so funfun mọ́rùn,
Ọ̀kan dúró ti àgbá.
Ilé jó, ọkọ̀ ṣí,
Ẹ̀pẹ́ ní kí wọ́n gúnlẹ̀.

Ọmọbìnrin tó bi mí léèrè ni màá fún ní ìlà Tápà. Lọ́jọ́ Ajé la máa bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò.