Ọmọ mi fẹ́ kọ́ nípa ọpọlọ: LAUTECH ni àbí UI? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ ra fọ́ọ̀mù JAMB. Neuroscience ló ní òun fẹ́ kọ́, ìmọ̀ nípa ọpọlọ. Wọ́n ní Physiology, ìmọ̀ nípa bí ẹ̀yà ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó wá gba ti ọpọlọ ní Masters. Bàbá rẹ̀ ní LAUTECH, kó máa tilé lọ. Ọmọ ní UI lòun ń lọ. Owó wa ò sì pọ̀. Èwo ni ká yàn?

Bọ̀dá Under-G: LAUTECH ni, Mà. Inú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí náà ni, ọ̀kadà lásán ni. Owó ilé n'Íbàdàn ńkọ́? Títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ìjà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ń jà lórí LAUTECH, tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani nígbà kan, ti parí, láti 2020 ló ti di ti Ọ̀yọ́ nìkan.

Tíṣà Báọ́lọ́jì, Ọ̀yọ́: Ẹ rọra, Mọ̀mí. Ọ̀rọ̀ JAMB ló ṣáájú. UI kì í gba ẹni tí kò bá fi í ṣe àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í wo ẹni tí máàkì rẹ̀ kò tó 200. Ẹ ò lè kọ LAUTECH sókè kẹ́ ẹ wá máa retí UI nísàlẹ̀. Ọdọọdún ni mo ń rí ọmọ tó ń sunkún nítorí èyí.

Ará Mọ́kọ́lá: UI, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ibẹ̀ ni Látúndé Ọ̀dẹ́kù padà wá ní 1962, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ibẹ̀ náà ni Ọ̀ṣúntókun, dókítà ọpọlọ, ti wádìí àìsàn tó ń mú àwọn èèyàn kan lẹ́sẹ̀ àti lójú nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó tọpa rẹ̀ dé ìdí májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa. Ẹ̀yin ọlọ́kà láfún, ẹ gbọ́ o!

Adéọlá_Anatomy: Àwọn bàbá yẹn ṣe bẹbẹ, àmọ́ àwọn kọ́ ni yóò bá Àbẹ̀kẹ́ ṣe project. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ní ilé ìwé tí mo lọ (n kò ní dárúkọ ẹ̀), ọpọlọ eku ni mo fi ṣe project ọdún tó kẹ́yìn. A ju eku sínú agbada omi, a ń fi aago wo bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó rántí ibi pèpéle tó wà lábẹ́ omi. Ìyẹn dùn. Ìgbà tó wá kan ká gé ọpọlọ rẹ̀ pẹlẹbẹ, kó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, ẹ̀rọ tó ń gé e ti bàjẹ́ láti ọdún méjì. Inú ike fọ́málíìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, lọpọlọ mi wà fún oṣù mẹ́ta. Ọpọlọ eku ni mo ń wí o! Owó ara mi ni mo fi gbé e lọ ìlú mìíràn.

Nítorí náà, Mà, ẹ mú ọmọ yín lẹ́sẹ̀ dé ilé ìwé méjèèjì. Kó béèrè ta ni nínú àwọn olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ, kó sì ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ yẹn lójú òun. Bí ti LAUTECH bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi owó ilé Ìbàdàn pamọ́ de Masters.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣé gan-an ni. Ọjọ́bọ̀ la máa kọ́kọ́ lọ sí LAUTECH. Bàbá rẹ̀ ní kí n bi yín: ṣé eku yẹn máa ń jáni?

Adéọlá_Anatomy: Ó ń jáni dáadáa, Mà. Kó má gbàgbé ìbọ̀wọ́.