Mo ń wá ìmọ̀ràn lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún dídùn àti àìróorunsùn ìyá mi ní Àkúrẹ́

Ọmọ Oyèmẹkùn:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín o. Ìyá mi jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 63 ni wọ́n, Oyèmẹkùn ni wọ́n sì ń gbé. Láti ìgbà tí bàbá wa ti dolóògbé lọ́dún tó kọjá ni wọn kò ti rí oorun sùn dáadáa mọ́. Aago méjì òru ni wọ́n ń jí, wọn kì í sì lè padà sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Orúnkún ń dùn wọ́n gan-an, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń lo oògùn ara ríro tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tiwọn jẹ́ 158/96. Ẹnì kan ní kí wọ́n máa mu àgbo, ẹlòmíràn ní kí n ra Lexotan, oògùn tó ń fi ara balẹ̀ tó sì ń mú oorun wá, fún wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Apòògùn Alágbàkà:
Ẹ kú ìtọ́jú màmá, Ọlọ́run yóò tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Oògùn orúnkún yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí mo rò pé òun ló lè so púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Bó bá jẹ́ diclofenac, ibuprofen tàbí Feldene ni, irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ara dá iyọ̀ àti omi dúró, ìfúnpá yóò sì gòkè. Ó tún lè dín agbára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kù, kí ó dá egbò sí inú, kí ó sì ba kíndìnrín jẹ́ bí àgbàlagbà bá ń lò ó fún ìgbà pípẹ́. Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú ọ̀rá kan, àti ìgò àgbo pẹ̀lú, kí ẹ gbé e lọ síwájú dókítà, nítorí ẹni tí kò bá rí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò lè fún yín ní ìmọ̀ràn tó péye. Dókítà lè fi diclofenac tí a ń fi pa orúnkún rọ́pò oníhóró, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ní ti Lexotan, mo bẹ yín, ẹ má ṣe rà á láìjẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́. Ó máa ń di bárakú, ó sì lè mú kí òòyì kọ́ àgbàlagbà tó dìde lóru láti lọ tọ̀, kí ó ṣubú, kí egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán.

Nọ́ọ̀sì Ìjàpọ̀:
Mo fara mọ́ ohun tí apòògùn sọ. Mo fẹ́ fi kún un pé a kì í fi ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pe ènìyàn ní ẹlẹ́jẹ̀ ríru, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jó lọ síwájú fún ọpẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí màmá kọ́kọ́ tọ̀, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀, kí apá wọn sì wà lórí tábìlì ní déédéé àyà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ àti lẹ́ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Nílé, bí ó bá ń jẹ́ 135/85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ga. Ní ilé ìwòsàn, 140/90 ni ààlà. Ẹ má ṣe fi ìyẹn dá lílọ sọ́dọ̀ dókítà dúró o.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ kún ṣíbí ìpotíì kan. Iyán kọ́ ni ìṣòro, ọbẹ̀ ni, nítorí Maggi pẹ̀lú ní iyọ̀ púpọ̀ nínú. Irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí lè jẹ́ kí ọbẹ̀ dùn láìsí Maggi púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Oǹdó:
Àbúrò mi, mo kí ọ kú ìrọ́jú. Oorun yẹn ló ń ká mi lára jù. Ọ̀fọ̀ kì í ṣe àrùn, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń jí láàárín òru lójoojúmọ́, tí ohun tó ń wù ú tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́, tí kò sì fẹ́ jẹun dáadáa, tí èyí ń lọ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ó yẹ kí dókítà gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Bí màmá bá sọ pé ayé ti sú àwọn, tàbí pé àwọn fẹ́ bá bàbá lọ, ẹ má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ ní àwọn nìkan, kí ẹ sì mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú abúlé ní Àrò ní Abẹ́òkúta ní 1954, jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú abúlé, kí ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí ọmọ-ọmọ kan wá máa sùn lọ́dọ̀ màmá.

Ọmọ Oyèmẹkùn:
Ẹ ṣé gan-an ni. Feldene ni oògùn náà. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tí wọ́n fẹ́ràn púpọ̀, wọn kì í lọ mọ́. Ìṣòro mi ni pé bí mo bá dárúkọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wọn yóò ní mo ń pe àwọn ní wèrè.

Ìyá Ìbejì Ọ̀bà-Ilé:
Má ṣe dárúkọ rẹ̀, ọmọ mi. Sọ fún wọn pé ẹ ń lọ fún orúnkún, òótọ́ sì ni. Ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti UNIMED (yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti Oǹdó) ní Àkúrẹ́, dókítà tó bá rí wọn ní ẹ̀ka ìtọ́jú gbogboògbò lè gbọ́ ti orúnkún, ti ìfúnpá àti ti oorun lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì darí wọn síwájú bí ó bá pọn dandan. Wọlé pẹ̀lú wọn bí wọ́n bá gbà, kí o sì fúnra rẹ sọ ti aago méjì òru yẹn, nítorí àwa ìyá kì í sọ ọ́. Ní báyìí ná, kí wọ́n máa jí ní àkókò kan náà láràárọ̀, kí wọ́n dín oorun ọ̀sán kù, kí wọ́n sì fi obì àti kọfí sílẹ̀ láti ọ̀sán lọ.

Apòògùn Alágbàkà:
Feldene ni mo fura sí. Kí màmá dá a dúró títí dókítà yóò fi rí wọn. Paracetamol ni kí wọ́n lò fún ìgbà díẹ̀, láìju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí lọ, bí wọn kò bá ní àrùn ẹ̀dọ̀. Bí ìgbẹ́ wọn bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ẹnu wọn ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu wọn, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Bí dókítà bá sì kọ oògùn ìfúnpá fún wọn, ojoojúmọ́ ni kí wọ́n máa lò ó, kì í ṣe ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ wọn nìkan.