Ta ni kí n gbé bọ́ọ̀lù fún lọ́jọ́ Sátidé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ softball, eré tí ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíràn sì ń fi igi gbá a. Àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 12 ni mò ń kọ́ ní Àjàṣẹ́ níbí. Àwọn mẹ́ta ló lè ju bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló dáńtọ́. Bí eré bá ti le, orúkọ rẹ̀ ni àwọn òbí ń pariwo. Wọ́n ní jíjù láti ìsàlẹ̀ kì í pa apá lára. Irọ́ ni! Ọwọ́ òsì ni ọmọ náà fi gbé garawa omi lánàá, ọ̀tún kò ṣeé gbé. Ẹnì kejì ń jù ú tààrà, àmọ́ kò le. Ẹnì kẹta, tí wọ́n bá ti gbá tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Abala 7 ni eré kan, méjì la sì máa gbá lọ́jọ́ náà. Ṣé kí n ti pín abala fún wọn ṣáájú ni? Ọjọ́ mélòó lẹ máa ń fi ọmọ sinmi? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá ọmọ tí apá ń dùn yẹn?