Kíkọ́ nọ́ọ̀sì àti tíṣà ní Abẹ́òkúta láti máàkì fídíò ìyá àti ọmọ tó ní ọ́tísíìmù

Ọmọ Ìbarà, Dublin
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn nọ́ọ̀sì àti tíṣà kan ní Abẹ́òkúta fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo fídíò tí ìyá àti ọmọ tó ní ọ́tísíìmù (ìyẹn ọmọ tí bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ àti bíbá èèyàn ṣe pọ̀ máa ń ṣòro fún láti kékeré) ti jọ ń ṣeré, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń fún òbí ń ṣiṣẹ́. Kò sí onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ láàárín wọn. Ṣé wọ́n lè ṣe é?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Wọ́n lè ṣe é, bí wọ́n bá fara balẹ̀ kọ́ ọ. Ìlànà PACT, tí wọ́n fi ń kọ́ òbí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù nípasẹ̀ fídíò eré òun àti ọmọ rẹ̀, ni kí ẹ wò. Ọmọ 152 ni wọ́n fi dán an wò ní London, Manchester àti Newcastle, àbájáde rẹ̀ jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn, ní 2010. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Goa ní Íńdíà àti Rawalpindi ní Pakistan, àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ló bá òbí ṣe é.

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń kà nínú fídíò. Àkọ́kọ́, nínú gbogbo ohun tí òbí sọ tàbí ṣe sí ọmọ, mélòó ló bá ohun tí ọkàn ọmọ wà lára rẹ̀ mu? Èkejì, nínú ohun tí ọmọ ṣe sí òbí, mélòó ni òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n àkókò tí ọkàn àwọn méjèèjì fi wà lórí nǹkan kan náà. Ẹ má rò wọ́n pọ̀ di máàkì kan. Ní Goa àti Rawalpindi, méjì àkọ́kọ́ lọ sókè, ẹ̀kẹta wálẹ̀. Bí wọ́n bá ti rò wọ́n pọ̀ ni, ìyẹn ò ní hàn.

Ọmọ Ìtòkú, Leeds
Mọ̀mí, ẹ ṣeun. Kí n fi ti fídíò kún un. Ìṣẹ́jú 10 tó. Kí ìyá àti ọmọ jókòó sórí ẹní, kí fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní bíi mítà méjì, kí ojú àti ọwọ́ àwọn méjèèjì hàn. Bí ẹ ò bá rí ibi tí ọmọ ń wò, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ìyá bá a mu. Kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà, torí ohùn ọmọ lè kéré gan-an. Agolo mílíìkì tó ní ìdérí, ṣíbí, bọ́ọ̀lù, abala àdìrẹ láti Ìtòkú tí ìyá lè fi bojú, ó ti tó. Ẹ yọ ọmọ ayò kúrò, ó lè há ọmọ lọ́fun.

Kí òbí buwọ́ lùwé kí ẹ tó tan fóònù. Ẹ má fi fídíò ọmọ ọlọ́mọ sórí WhatsApp.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Etí gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Síbẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wo fídíò láìsí ohùn, kí wọ́n máàkì ohun tí ọmọ ń wò àti ohun tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ṣí ohùn fún ti ìyá.

Ẹ wo èyí. Ọmọ ń yí ìdérí agolo. Ìyá ní, “Ó ń yí, gbirigbiri!” Ó bá ọmọ mu. Ìyá dákẹ́, ọmọ ti ìdérí sọ́dọ̀ rẹ̀: ọmọ ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Ìyá wá ní, “Kí nìyí? Sọ ọ́!” Kò bá a mu mọ́, torí ó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdérí kan náà ni wọ́n ń wò. Àmọ́ “Ó ti ṣubú, àbí?” tí ìyá sọ jẹ́jẹ́ láìretí èsì kì í ṣe ìbéèrè. “Ẹn-ẹ́n!” náà ń bẹ lára ohun tí a ń kà. Bí ìyá bá ń pe “Àkànní! Àkànní!” kí ọmọ lè fi eré rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fà á ni. Bó bá fi oríkì yẹn yìn ín nítorí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ó bá a mu.

Ẹ má fi ojú nìkan ṣe ẹ̀rí. A máa ń kọ́ ọmọ pé kó má tẹjú mọ́ àgbà. Ẹ wo ọwọ́, ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe yí, ẹ wo ohun tó nà sí ìyá.

Ọmọ Ìbarà, Dublin
Bí máàkì ẹni méjì lórí fídíò kan náà bá bára mu ní 80 nínú 100, ṣé wọ́n ti yege?

Ọmọ Ìtòkú, Leeds
80 lásán lè tàn yín, ẹ̀gbọ́n. Ká ní 90 nínú ohun 100 tí ìyá ṣe jẹ́ àṣẹ àti ìbéèrè. Ẹni tó bá kọ “kò bá mu” sí gbogbo rẹ̀ láì wo fídíò á gba 90. Ẹ lo kappa, ìṣirò tó ń yọ ìbáramu èèṣì kúrò. Òdo ni onítọ̀hún máa gbà níbẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni ELAN tí wọ́n fi ń máàkì lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ yí orúkọ fáìlì padà, kí ẹni tó ń máàkì má mọ èyí tó ṣáájú ìrànlọ́wọ́ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yege, kí ẹni méjì ṣì máa máàkì fídíò kan nínú márùn-ún, torí ojú máa ń yà díẹ̀díẹ̀ láìfura.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Kí wọ́n má fi máàkì yìí sọ pé ọmọ ní ọ́tísíìmù tàbí kò ní. Iṣẹ́ àyẹ̀wò mìíràn nìyẹn. Kí wọ́n má sì fi dá ìyá lẹ́bi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ló fa ọ́tísíìmù. Nígbà tí wọ́n bá jókòó tì í, ibi tó ti bá ọmọ mu ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn án nínú fídíò, kí wọ́n sì bi í ní ohun tí ọmọ ṣe lẹ́yìn rẹ̀.